Ohun Tí Abẹ́rẹ́ Kò Rí

Ìyá mi kì í ké pè wá jẹun.
Yóò kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná,
ètè rẹ̀ yóò máa ṣí, yóò máa pa dé, ohùn kankan kò ní jáde,
àwa ọmọ yóò sì dìde: ọ̀dùnkún ti jinná.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé iṣẹ́ aṣọ ní Burnley,
Winifred ìyá mi, Agnes Pickup, àti Bessie tó máa ń wọ bàtà onígi,
nínú gbọ̀ngàn tí igba ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ń lu ara wọn,
níbi tí ohùn ènìyàn kò ju iyọ̀ ṣíbí kan nínú òkun.

Mo dàgbà, mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìró.
Wọ́n gbé àpótí kan fún mi tó ní abẹ́rẹ́ nínú gíláàsì,
etí irin yọ lórí rẹ̀ bí ìwo ìgbín.
Wọ́n ní kí n máa wọn ariwo kiri.
Èyí tó bọ́ mi dàgbà ni mo kọ́kọ́ lọ wọ̀n.

Ọjọ́ Àìkú ni. Thornber alábòójútó ṣílẹ̀kùn,
ó tan ẹ̀rọ kan ṣoṣo.
Abẹ́rẹ́ ta kìjí, ó dúró sí ọgọ́rin.
Mo ní kó tan èkejì.
Ó ń retí ọgọ́jọ, mo rí i lójú rẹ̀.
Mẹ́tàlélọ́gọ́rin péré.
Ó fi ìka kan gíláàsì. "Nǹkan yìí ti bàjẹ́."

Kò bàjẹ́, bàbá.
Agbára ìró ni ẹrù tí afẹ́fẹ́ rù dé ẹnu ọ̀nà;
bó ṣe ń dún létí ni iye tí onílé gbà pé òun rí.
Ahun sì ni onílé yìí.
Ko ẹrù mẹ́wàá fún un, á ní méjì ni.
Ko ọgọ́rùn-ún, á ní mẹ́rin.
Má pè é ní òpùrọ́:
bí kò bá ń dín in kù,
báwo ni etí kan náà ì bá ṣe gbọ́ ẹ̀fọn, kó tún gbọ́ àrá, kó má fọ́?

Ṣùgbọ́n ohun tí etí kọ̀ láti kà, ara etí ni ó rù ú.
Irun wínníwínní kan wà nísàlẹ̀ ibẹ̀
bíi koríko etí odò.
Ìjì á fẹ́, á tẹ̀; ìjì á lọ, á dìde.
Ìjì ọdún mọ́kàndínlógójì ńkọ́?

Mo gbé àpótí jáde, mo ń rìn lọ.
Bí ọ̀nà bá ti di ìlọ́po méjì,
agbára á di ìdá kan nínú mẹ́rin.
Nígbà tí mo fi dé etí odò àgbẹ́,
pẹ́pẹ́yẹ kan ti ń borí ẹ̀rọ méjèèjì.
Ìyá mi kò ní odò tí ó lè rìn dé.
Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ń tọ́jú, ìgbésẹ̀ kan ló wà láàárín wọn.

Lálẹ́, mo gbé àpótí lé orí tábìlì rẹ̀.
Ọgbọ̀n.
"KÍ LÓ Ń WÍ?" Abẹ́rẹ́ fò kọjá àádọ́rin, ó padà sọ̀ kalẹ̀.
Mo fi ètè dá a lóhùn: aago ni, àti òjò lórí òrùlé.
Ó yíjú sójú fèrèsé.
"Òjò ń rọ̀?"

Lódìkejì òpópónà, Agnes Pickup ti fa aṣọ fèrèsé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti ìyá mi dáhùn,
gíláàsì méjì àti òjò láàárín wọn,
wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú.
Agnes ní mo ti rù, pé ta ni ń se oúnjẹ fún mi ní ìlú ńlá.
Mo wo àpótí.
Ọgbọ̀n.