Ẹ̀yìn Kàlẹ́ńdà

Mo yọ kàlẹ́ńdà èṣí lára ògiri,
mo dojú rẹ̀ bo tábìlì,
ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù.
Mo fi bírò kọ róbótó kan: "Ìlọrin nìyí."
Kí n tó gbẹ́nu kúrò,
ìka Nímọ̀tá tó kún fún epo ti tẹ ìlú kejì dó.

Ọlidé dé. Òjò oṣù kẹjọ dákẹ́ díẹ̀,
ó jọ ẹni tó ń wá bàtà kó tó tún jáde.
Ọjọ́ mẹ́ta la ní, àti Pijó bàbá wọn
tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún kì í ṣí
àfi téèyàn bá dúró níta.

Káwù ní omi Ọ̀wù lòun fẹ́ rí,
bó ṣe ń dà látorí àpáta
bí àpò gàárì tó ya,
tí kò sẹ́ni tó lè dì í.
Nímọ̀tá ní Èsìẹ́ ni tòun,
òun fẹ́ ka àwọn ère òkúta tó jókòó síbẹ̀,
kóun wá èyí tí irun rẹ̀ jọ ti tíṣà òun.
Mo ní, "Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún o."
Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tètè dé."

Bàbá wọn, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀,
gbé ìdérí ìgò lé ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́.
Ó ní ibì kan wà lẹ́yìn Ìdọ̀fìàn
tí ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ti fi táyà kọ́lé:
ògiri táyà, àga táyà,
ajá rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe táyà.
Ẹnu onímọ́tò kan ló ti gbọ́ ọ,
onímọ́tò náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.
"Bí a ò bá wá rí i ńkọ́?"
"A ó ṣáà ti rí ọ̀nà."

Èmi náà fi tèmi kún un,
pátákó kan tí mo rí rí nítòsí Òmù-Àrán:
A Ń TÚN AAGO ṢE. A Ń TA OYIN. A Ń KỌ́ ÈÈYÀN NÍ SÙÚRÙ.
Ó ti tó ọdún mọ́kànlá
tí mo ti ń fẹ́ béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí sùúrù.

Ìyá ọkọ mi ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà.
A ti to gbogbo ìlú tán kó tó gbójú sókè.
"Ẹ fi kọ́nà Òkè-Oǹígbìn sí i."
Kí ló wà níbẹ̀, Ìyá?
"Kò sí nǹkan kan."

Ó tún ṣa òkúta méjì.

"Ibẹ̀ ni lọ́rì gbé wa wọgbó,
lọ́dún tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lọ́wọ́ òsì,
kó máa gba ọwọ́ ọ̀tún.
Etí dírẹ́bà ti gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.
Ọlọ́run yọ wá, lọ́rì nìkan ló kú.
Ọjọ́ méjì la fi jókòó tì í.
Wàrà tí mo fẹ́ tà ti ń kan.
Obìnrin kan yọ láti inú oko, ó sun iṣu fún wa,
a fi wàrà kíkan jẹ ẹ́.
N kò béèrè orúkọ rẹ̀.
Mo kàn fẹ́ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, kí n nasẹ̀."

Nímọ̀tá gba bírò lọ́wọ́ mi.
Ó ya lọ́rì kan tó nasẹ̀ sókè bí yànmùyánmú tó ṣubú,
ó tóbi ju Èsìẹ́ lọ, ó tóbi ju Ìlọrin.
Káwù ní iṣu dà? Ó ya iṣu.

Níta, bàbá wọn ń ta Pijó.
Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀: bátìrì, omi, iṣu,
wàrà (kó má tíì kan).
Ta ni yóò jókòó ti ilẹ̀kùn tí kì í ṣí?
Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.