Tèmi Ò Tó Tèmi

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ya ọmọ ilé-ìwé méjìlélógójì
ní Ìjọ̀kà, fún káàdì ìdánwò.
Aṣọ funfun kan la so mọ́ ògiri,
táì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń bọ́ fún ara wọn.
"Má rẹ́rìn-ín. Gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀."
Kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni ìkẹyìn,
òógùn ti mu táì náà yó,
ó sì ń ṣe mí bíi pé ojú kan náà ni mo ń ya láti àárọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ilé-iṣẹ́ kan ní Alágbàká pè mí
kí n wá ya àga.
Kì í ṣe ẹni tó jókòó. Àga.
Mẹ́rìndínlógún, lọ́tùn-ún, lósì, lẹ́yìn.
Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà;
àga ò lójú,
wọ́n sì sanwó ju ti ìyàwó lọ.

Ìyàwó náà nìyí, lọ́jọ́ Sátidé, ó na fóònù sí mi:
"Bí èyí gan-an ni mo fẹ́ ẹ, bùrọ̀dá.
Kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀yìn wá, kí ìbòjú máa fẹ́ lẹ́lẹ́."
Mo wò ó. Mo mọ òkúta yẹn.
Mo mọ ewé gbígbẹ tó lẹ̀ mọ́ ọn.
Ìdànrè ni, ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, èmi ni mo ya á,
ẹlòmíràn ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i nísàlẹ̀.
Ìyẹn kọ́ ló dùn mí.
Ohun tó dùn mí ni pé mo gbìyànjú láti tún un ya,
tèmi ò tó tèmi.

Gbémiga, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ní kí n gbé olè náà lọ sílé-ẹjọ́.
Ẹjọ́ kí ni n óò rò?
Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀yìn tí mò ń pè ní tèmi,
ọwọ́ Ọ̀gá Akinṣúyì ni mo ti rí i ní Arákalẹ̀,
nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ju aṣọ ìkélé dúdú àti gílóòbù méjì lọ.
Òun náà rí i lọ́wọ́ ọmọ Gánà kan
tó fi kámẹ́rà san gbèsè yàrá
lọ́dún tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ.
Ta ni ọmọ Gánà náà wò kọ́ṣẹ́?
Mi ò mọ̀. Ọkọ̀ ti gbé e lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Màmá Akínrìnlọ́lá ránṣẹ́ pè mí, ní Ìsìkàn.
Mo kó gbogbo iná mi lọ, mo rò pé òun ni n óò ya.
Ó nawọ́ sí ògiri: "Ibẹ̀ yẹn."
Fọ́tò bàbá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Àwọn ọmọ gbé e lọ sí Àbújá láti sọ ọ́ di ńlá,
kò tíì padà.
Èéfín àtùpà ti sọ ìyókù ògiri di àwọ̀ tíì,
àfi igun mẹ́rin ibi tí ó gbé kọ́,
tó ṣì mú àwọ̀ aró ọjọ́ tí wọ́n kó wọlé.
"Àwọn ọlọ́dà ń bọ̀ lọ́la," ni màmá wí.

Ta ló ya eléyìí?
Èéfín ni, àti eruku ọyẹ́;
ojú kámẹ́rà wọn là sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
ọkùnrin kan sì dúró síwájú ògiri,
kò jẹ́ kó darúgbó.

Mo pa iná. Mo ṣí fèrèsé.
Ìṣó ṣì wà níbẹ̀, òjìji rẹ̀ tín-ínrín.
Mo ní kí màmá súnmọ́ ọn, ó kọ̀:
"Má fi mí sí i.
Kò mọ ojú tí mo ní báyìí."

Ẹyọ kan ni mo yà. Ọwọ́ mi kọ èkejì.

Ó béèrè iye owó. Mo pe iye àga kan.

Nígbà tí mo délé, mo rí táì àwọn ọmọ nínú báàgì mi.
Ó ti gbẹ, ó le bí igi.
Màá fọ̀ ọ́.
Ọ̀bà-Ilé ló kàn lọ́la, ọmọ mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.