Aago Mẹ́ta Òru ní Ẹ̀búté Mẹ́ta

Dákà ti sùn, Párísì ò tíì jí;
Mojíròlá nìkan ló lajú sílẹ̀,
ó ń kọ gbèsè orílẹ̀-èdè mẹ́ta
sẹ́yìn ìwé ìṣirò ọmọ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ n'Ìkòròdú
ti di ìṣẹ́jú mọ́kànlá nínú fíìmù:
ọkùnrin kan ń tukọ̀ bọ̀ ní Kútọnù,
òjò ń pa á, kò sọ̀rọ̀.

"Odidi pulọ́ọ̀tì kan?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.
"Kò tiẹ̀ sọ̀rọ̀?"

Jẹnẹrétọ̀ kú.
Nínú òkùnkùn ó gbọ́ bí ọ̀sà ṣe ń lá ẹsẹ̀ afárá,
ó káwọ́ lérí:
"Yéè! A ò gba ohùn omi."

Omi Èkó, omi Kútọnù, ta ni yóò mọ̀?
Ó ti ń wá bàtà.