Kòkó Tí Kò Gbẹ

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi yẹ kòkó wò fún ìjọba.
Bí mo bá ti kiwọ́ bọ àpò, tí mo fún èso mélòó kan,
etí mi á ti gbọ́:
eléyìí gbẹ, ó ń ró wẹ́kẹ́wẹ́kẹ́;
eléyìí ṣì tutù nínú, ẹ gbé e padà sórí ẹní.
Àgbẹ̀ Ìdànrè á búra, á forí ọmọ búra.
Mo ní, "Bàbá, ẹnu yín gbẹ, kòkó yín ni kò gbẹ."

Ọwọ́ yẹn náà ló wá ń gbọ̀n bí ewé kókò lójò.
Èyí, gbogbo Ìsìnkàn rí i, mi ò lè sẹ́ ẹ.
Ṣùgbọ́n nígbà tí Dókítà Akíndùró bi mí
bí oúnjẹ ṣe ń gba ọ̀fun mi lọ,
mo ní, "Geere ni. Kò sí wàhálà níbẹ̀."
Adétutù tẹjú mọ́lẹ̀, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀.

A délé. Mo mu omi. Mo wúkọ́.
Mo ní eruku ọyẹ́ ni.
Ó ní, "Oṣù Òkúdù la wà."

Ó wá jókòó.
"Mi ò fẹ́ dójú tì yín níwájú ọmọ ọlọ́mọ.
Ta ló ń fi wákàtí kan jẹ òkèlè mẹ́fà?
Itọ́ ta ló ń rin ìrọ̀rí lóròòru?
Láti Àjíǹde ni mo ti ń sẹ́ ọbẹ̀,
tí mò ń tún iyán gún,
ẹ rò pé iṣu ọdún yìí ló rọ̀.
Ẹ mu omi díẹ̀ sí i. Ó tó.
Ẹ wá pe orúkọ mi."

"Adétutù."

Ohùn tó jáde rin gbingbin.
Etí mi, etí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, gbọ́ ọ:
eléyìí ṣì tutù nínú.

Àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun lọ̀nà ọ̀run.
Wọ̀bìà ni mo rò pé wọ́n ń bá wí.
Ọwọ́ á gbọ̀n, ayé á rí i;
ọ̀fun ń gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀,
kò sì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín.

Lọ́jọ́bọ̀, kí dókítà tó bi mí ni mo ti ń wí:
"Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

Ní báyìí, mo ń nà ró kí n tó jẹun.
Mo dákẹ́ rédíò. Òkèlè mi ò ju èkùrọ́ lọ.
Mo tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, mo gbé omi mì,
mo pe orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ tún un pè."