Lẹ́tà Tí N Kò Tíì Fọwọ́ Sí

Ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń pariwo bí òjò orí páànù,
iṣẹ́ mi ni kí n máa wá àṣìṣe inú ìwé ẹlòmíràn:
àmì tó sọnù,
orúkọ olóògbé tí wọ́n kọ sódì nínú ìwé ìsìnkú.
Ọdún mẹ́sàn-án. Díẹ̀ ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lánàá, Ìyá Múṣílì tó ń bá mi tọ́jú ọmọ
ní Tiwalọlá ti rìn.
Ó gbé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, láti ìdí àga dé ìdí garawa.
Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dénú.

Mo ti ṣírò ó sẹ́yìn bébà tí íńkì dà sí:
owó ilé, owó gáàsì,
owó oṣù Adéṣínà tó máa ń dé bí àlejò òru.
Ìṣirò ọ̀hún ò já síbì kan.

Màmá mi ní obìnrin tó ń tọrọ owó iyọ̀,
ohùn rẹ̀ kì í ròkè nílé.
N kò jiyàn.
Òun náà ló sọ pé lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rìn,
ẹnu iṣẹ́ òru lòun wà.

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi.
Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejìlá,
kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.
Ohun tó ń dẹ́rù bà mí nìyẹn.