Àtẹ́wọ́ Ọjọ́bọ̀

Aago mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀, gbogbo àdúgbò jáde sẹ́nu ọ̀nà
ní Grimsby, létí òkun tó tutù bí omi yìnyín.
Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún dókítà, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún nọ́ọ̀sì,
wọ́n ń fi ṣíbí lu ìkòkò títí ajá fi ń hu.
Wilf Mumby náà jáde. Páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin ló gbé dání.
Ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹta,
apá òsì rẹ̀ wá wúwo bí àwọ̀n tó kún fún ẹja,
ó dúró, ó ń wo páànù bí ẹni pé páànù ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi pẹja lórí òkun
níbi tí yìnyín ti ń so mọ́ okùn ọkọ̀ bí eyín.
Kò ké pe ẹnikẹ́ni rí pé kí wọ́n wá gba òun.
"Àyà ń dùn ọ́?" Noreen bi í.
"Wàràkàṣì alẹ́ àná ni."
Oúnjẹ là á kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn; oúnjẹ ò lẹ́nu.

Òru mọ́jú Ẹtì, òógùn tútù bò ó.
Fóònù wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni.
Noreen nawọ́ sí i, ọkọ rẹ̀ di ọwọ́ náà mú:
"Má pè wọ́n. Ṣé o ò gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ ni?
Wọ́n ní ká jókòó sílé, ká má di ẹrù lé wọn lórí.
Àwọn tí kò lè mí ló wà níbẹ̀.
Èmi ṣì ń mí."

Èmi tí mò ń sọ èyí, nọ́ọ̀sì ni mí ní yàrá ọkàn,
Shiny Kuriakose, ọmọ Kottayam,
ọdún kọkànlá mi rèé nínú òtútù yìí.
Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ń wá bẹ́ẹ̀dì kiri;
nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, bẹ́ẹ̀dì ló ń wá ènìyàn.
Ẹ̀rọ tí a fi ń wo iṣan ọkàn tanná sílẹ̀, ó ń kùn bí oyin,
kò rẹ́ni wò.
A ka àwọn wáyà tín-ín-rín, a tún wọn kà. Wọ́n pé.
Dókítà Ogilvie fẹ̀yìn ti ògiri:
"Àbí àwọn èèyàn ìlú yìí ò lọ́kàn mọ́ ni?"
Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín.
A mọ̀ pé ọkàn kì í gba ìsinmi nítorí àjàkálẹ̀ àrùn.
Ilé ni wọ́n ń kú sí, wọ́ọ́rọ́wọ́,
tìwà pẹ̀lẹ́ tìwà pẹ̀lẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n gbé Wilf dé. Ètè rẹ̀ ti rí bí eérú.
Síbẹ̀, ẹjọ́ àrùn kejì la kọ́kọ́ ní láti gbọ́:
ká ki igi òwú bọ imú rẹ̀,
ká wọ aṣọ ọ̀rá, ìbọ̀wọ́ méjì, ìbòmú, ìbòjú.
Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá.
Ẹ bi ẹran ọkàn léèrè bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ṣe gùn tó.
Noreen kò gbọdọ̀ wọlé. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ló dúró sí,
ó di bàtà ilé ọkọ rẹ̀ mọ́ àyà.

A ṣí iṣan náà. Ẹ̀jẹ̀ kọjá.
Àmọ́ ibi tí odò ti gbẹ láti Ọjọ́bọ̀,
ẹ dá omi padà síbẹ̀, ẹja tó ti kú ò ní lúwẹ̀ẹ́.
Ó bi mí, kò sì rí ojú mi,
"Nọ́ọ̀sì, ṣé mi ò yọ yín lẹ́nu?"
Mo ní rárá, bàbá.
Mo fẹ́ fi kún un pé ẹ̀yin la ti ń retí.
Ìbòmú gbé e mì.

Noreen ló sọ ìyókù fún mi lórí fóònù.
Àtẹ̀gùn mẹ́tàlá ló wà nílé wọn;
Wilf ń sinmi lórí ìkarùn-ún, ó tún ń sinmi lórí ìkẹsàn-án.
Ọjọ́bọ̀ tún dé, aago mẹ́jọ lù, àdúgbò jáde.
Òun ò mú ìkòkò kankan.
Ó fetí lé àyà ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀,
ó fẹ́ ka bó ṣe ń lù.
Ariwo àtẹ́wọ́ ò jẹ́ kó gbọ́.