Kọ́kọ́rọ́ Ìyá Ṣówándé

Láti ìdájí ni mo ti ń fọ̀ ọ́,
Kòrólà aláwọ̀ eérú tó ti la òkun kọjá
kó tó wá fìdí kalẹ̀ sínú ọgbà wa l'Ókè-Ìlèwó.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbá iyanrìn abẹ́ ìjókòó,
mo nu imú rẹ̀ bí ẹni ń nu imú ọmọ ọwọ́,
mo wo epo, mo wo omi,
mo fún táyà ní afẹ́fẹ́,
títí kan ìkarùn-ún tó sùn sínú búùtù.
Ọ̀gá Kúforíjì ní, "Ọkọ̀ tí wọ́n ti sanwó ẹ̀ tán?
Kí lo tún ń kẹ́ ẹ sí?"
Mi ò fèsì.

Mo rántí ọkùnrin kan lẹ́ẹ̀ṣí.
Mo ju kọ́kọ́rọ́ sí i bí ẹni ju eegun sájá,
mo ní, "Ẹ̀mí yín á lò ó."
Lóru ọjọ́ náà, táyà bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu afárá Láfẹnwá.
Òjò ń rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń rọbí lẹ́yìn ọkọ̀.
Jáàkì wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì,
kò sẹ́ni tó sọ fún un.
Orí ìjókòó tí mo nù tí kò gbẹ lọmọ wáyé sí.
Ó yè o. Ìyá rẹ̀ náà yè.
Ọkùnrin náà padà wá, kò bú mi,
ó kàn béèrè pé, "Ibo ni jáàkì máa ń wà?"
Ó dúpẹ́, ó lọ.
Ì bá sì ti gbá mi létí.

Aago mẹ́wàá, Ìyá Ṣówándé sọ̀ lórí ọ̀kadà,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì,
bàtà ọjọ́ ìsinmi lẹ́sẹ̀, báàgì há lábíyá.
Ọdún mọ́kànlá ló fi dáwó sẹ́gbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀,
oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ọkọ̀ wíwà ní pápá ilé-ẹ̀kọ́
níbi tó ti na ọ̀pọ̀ àwa ọmọ Ẹ̀gbá lẹ́gba.
Mo mú un yí ọkọ̀ náà po.
"Ẹ wò ó, màmá, ó ti fara ha ògiri rí níbí,
ọ̀dà la kùn bò ó."
Ọ̀gá wúkọ́. Mo ń bá tèmi lọ.
"Jáàkì rèé. Ẹ fọwọ́ kàn án.
Bí iná pupa yìí bá tàn, ẹ dúró, ẹ pè mí,
ẹ má wò ó pé ilẹ̀ ti ṣú."
Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ọmọléèwé,
ó yọ rúlà, ó fàlà sábẹ́ "jáàkì".

Mo ṣílẹ̀kùn awakọ̀ fún un. Ó mirí.
Ẹ̀yìn ló wọ̀ sí.
Ó yọ fìlà kan nínú báàgì,
abetí-ajá tí kòkòrò ti jẹ létí,
ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.
"Ó ṣèlérí fún mi lọ́dún tí mo lóyún Ṣóbọ̀wálé.
Ó ní àwa méjèèjì la ó jókòó sẹ́yìn bí ìjòyè,
ẹlòmíì ni yóò máa wakọ̀."
Mo wo ọ̀gá. Ọ̀gá wolẹ̀.
Mo jókòó sídìí síárìn, mo gbé wọn,
àwọn méjèèjì,
a gba Pánṣẹ́kẹ́, a gba Kútọ,
páànù pupa ilé àwọn baba wa ń sáré lójú fèrèsé.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Nígbà tó yá, ó fọwọ́ kàn mí léjìká:
"Ó tó báyìí. Sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi. Ó kàn mí."

Ó lọ jẹ́jẹ́, ọlọ́kadà ń fọnfèrè lẹ́yìn rẹ̀,
iná ìyàsósì ń ṣẹ́jú, ń ṣẹ́jú,
bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tààrà ló ń tọ̀.
Èyí ni mo gbàgbé láti kọ́ ọ.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́, fóònù dún.
"Iná kan ń tàn nínú ọkọ̀."
Mo ti ń wá bàtà. "Ẹ má pa á, mo ń bọ̀."
"Rárá, jókòó sílé. Iná òkè orí ni.
Mo kàn wà nínú ẹ̀ níbí, mo tì í,
mo ní kí n sọ fún ẹnìkan."